Gẹdú Jogbo, Òwú Ashton: Lámèyítọ́ Fíìmù Ṣaworoidẹ

Ìfáàrà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó tí ẹ wá ń kọ́ èdè àwọn òbí yín, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wo fíìmù Ṣaworoidẹ. Bí ẹ kò bá wò ó ní kíláàsì, ẹ ó ti rí i nílé níbi tí dádì tàbí mọ́mì ti ń wò ó. Túndé Kèlání ni olùdarí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀, ọdún 1999 ni ó sì jáde. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú Jogbo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú kan ṣoṣo.

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí fíìmù yìí, adé, ìlù àti ìmùlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà. Gẹdú ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gẹdú ni owó Jogbo, òun ni ó dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé e tán, fíìmù náà kì í tẹ̀lé e kọjá ẹnu ààlà ìlú. Ashton-under-Lyne ni mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, ìlú kan tí kò ju nǹkan bíi máìlì 6 lọ sí ìlà-oòrùn Manchester. Ìlú òwú ni Ashton láyé àtijọ́. Òwú kì í hù níbẹ̀ rárá, òtútù ò ní jẹ́ kó hù, síbẹ̀ òwú ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ibí yìí tí ó ń wo Ṣaworoidẹ kò lè ṣàì béèrè pé: gẹdú Jogbo yìí, níbo ló ń lọ?

Èrò mi ni pé ìbéèrè yìí ni fíìmù náà kò dáhùn. Bí a kò bá sì dáhùn rẹ̀, a lè wo Ṣaworoidẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí a má mọ ìdí tí ìlú tí ó ní ohun gbogbo fi ń tòṣì.

Ìtàn náà ní ṣókí

Fún àǹfààní ẹni tí kò tí ì wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Ní Jogbo, ìmùlẹ̀ wà láàárín ọba àti ará ìlú. Adé idẹ wà, ìlù kan sì wà tí wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́ lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn dé adé, ọjọ́ tí ìlù ṣaworoidẹ bá dún nígbà tí adé náà wà lórí rẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò kú.

Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba ṣùgbọ́n kò fẹ́ sín gbẹ́rẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé bí òun bá sín in, òun ò ní lè kó owó ìlú jẹ. Ó fi ipá gorí oyè, onílù sì gbé ìlù sá lọ. Àwọn onígẹdú wọ ìlú, wọ́n ń gé igi, ọba àti àwọn ìjòyè ń gba owó ẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ọ̀dọ́, wọ́n fárígá, wọ́n gba adé lọ. Lápité wá ránṣẹ́ sí ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Lágàta pé kí ó bá òun gba adé òun padà. Lágàta gba adé náà lóòótọ́, àmọ́ ó pa Lápité, ó sì fi ara rẹ̀ jọba. Òun náà kò sín gbẹ́rẹ́ kankan. Ìlù ṣaworoidẹ padà dún, Lágàta náà sì bá a lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ni Baba Ọ̀pálábá, tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ti ń fi òwe àti orin kìlọ̀ fún gbogbo wọn.

Ohun tí fíìmù náà rí dáadáa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin Ìṣọ̀lá ibi tí ó tọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ìṣèlú ń fi ìwé ńláńlá sọ ni ó fi gbẹ́rẹ́ lásán sọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìmùlẹ̀: mu àti ilẹ̀ ni ó di mulẹ̀, tí a fi ì- sí níwájú kó tó di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí tí kò ní tẹ ilẹ̀. Òfin tí a kọ sínú ìwé, ènìyàn lè kà á kí ó sì rú u, ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ wà lára ọba fúnra rẹ̀. Ohun tí Ìṣọ̀lá ń sọ ni pé aṣáájú tí òfin kò bá dé ara rẹ̀, owó ìlú kò lè dé ara ìlú.

Ohun kejì tí ó rí ni pé ìmùlẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí ó parí. Gbogbo ọba tuntun ni ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹ fi èyí wé igbó. Igbó tí wọ́n ń gé tí wọn kò gbin òmíràn sí yóò tán. Ìmùlẹ̀ tí ọba tuntun kò bá tún ṣe yóò tán bákan náà. Èyí ni mo rò pé ó fà á tí òǹkọ̀wé yìí fi yan gẹdú, tí kò yan góòlù tàbí epo rọ̀bì. Góòlù kì í hù. Gẹdú máa ń hù, bí a bá fún un láyè. Nígbà tí a bá ń pe ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́ lónìí, ohun tí à ń wí gan-an nìyẹn: kí ohun tí à ń jẹ lónìí kù fún ọmọ tí a kò tí ì bí. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Lápité kò ro ọ̀ràn kankan.

Ohun kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fárígá. Àwọn kan lè rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn o. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dìde ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà. Àgbẹ̀kọ̀yà ni a mọ̀ wọ́n sí, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórí wọn sì ni Tàfá Adéoyè. Owó orí ti pọ̀ jù fún wọn, owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kéré, ọ̀nà oko sì ti bàjẹ́. Ẹ̀mí ṣòfò, ọlọ́pàá àti àgbẹ̀ kojú ara wọn, kí ìjọba tó gbà láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2 ní ọdún 1969. Àwọn tí wọ́n ń gbin ohun tó ń mówó wọlé ni ebi ń pa. Jogbo gan-an nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kòkó ni tiwọn, kì í ṣe gẹdú.

Bẹ́ẹ̀ kòkó yìí kan náà ti ṣe oore. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé e dúró. Àjọ tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í san gbogbo iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun fún àgbẹ̀, ó máa ń fi ìyókù pa mọ́. Owó tí wọ́n fi pa mọ́ yìí ni ó di ọ̀rọ̀ ńlá ní ọdún 1962, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker sọ pé púpọ̀ nínú owó ilé-iṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ohun tí ó kọ́ ilé ìwé náà ni ó bọ́ ẹgbẹ́. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́?

Níbo ni gẹdú náà ń lọ?

Ibi tí mo ti fẹ́ bá fíìmù náà jà díẹ̀ rèé. Ní Jogbo, ẹ̀ṣẹ̀ Lápité ni pé ó gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ onígẹdú. Bí a bá wò ó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yọ Lápité kúrò ti tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí: ká ní Lápité sín gbẹ́rẹ́, ká ní kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí gbogbo owó gẹdú wọ àpò ìlú pátápátá. Ṣé Jogbo á wá dàgbà sókè?

Ó lè rí owó kọ́ ilé ìwé díẹ̀, ó lè rí owó la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n igi lódidi ni yóò ṣì máa kúrò nílùú. Ẹni tí ó ń là á sí pákó wà níbòmíràn. Ẹni tí ó ń fi pákó kan àga wà níbòmíràn. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, obìnrin tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo wọn wà níbòmíràn. Níkẹyìn, Jogbo á lọ fi owó gẹdú ra àga. Bí igi bá wá tán, òwò tán, torí kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ọwọ́ ọ̀dọ́ ìlú ti mọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Òkòbàbà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, l'Ékòó, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gẹdú fi ń gba ojú omi dé ibẹ̀, tí wọ́n ń là á, tí wọ́n ń tà á. Ibẹ̀ dọ̀tí, èéfín pọ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún alágbára, fún oníṣirò, fún awakọ̀ àti fún olóúnjẹ. Igi kan ṣoṣo ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó tó di ilẹ̀kùn. Nínú Ṣaworoidẹ, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni, yálà ọba, ìjòyè tàbí ọ̀dọ́, wí pé: ẹ jẹ́ ká máa la igi wa nílé. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n má gé igi mọ́, àwọn ìjòyè ń jà lórí ìpín wọn. Ìbéèrè kẹta kò sí lẹ́nu ẹnì kankan.

Ohun tí Ashton fi hàn wá

Ìdí tí mo fi mú Ashton wá sínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òun ni ìdàkejì Jogbo. Jogbo ní ohun tí ó ń hù, kò ní iṣẹ́ tí a fi ń ṣe é. Ashton kò ní ohun tí ó ń hù, ó ní iṣẹ́. Ẹ lọ sí Portland Basin ní etí ìlú náà, ẹ ó rí ibi tí àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ mẹ́ta ti pàdé. Ojú omi wọ̀nyẹn ni ọkọ̀ ń gbà kó ẹrù wọlé, kó ẹrù jáde. Wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan síbẹ̀ ní ọdún 1834, èyí tí ó ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lóde òní. Òwú máa ń ti èbúté Liverpool wọ àgbègbè yìí, wọn a ran án, wọn a hun ún, aṣọ ni yóò sì jáde.

Ta ló ń gbin òwú náà? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó ti ń wá, láti oko ibi tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹgba. A kò gbọdọ̀ fo èyí dá. Ọlá Ashton kò mọ́ tónítóní. Ẹni tí ó gbin òwú kò ní nǹkan kan, ẹni tí ó hun ún ní owó ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó ní èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1861, tí wọ́n dí èbúté ìhà gúúsù, òwú dáwọ́ dúró. Ebi dé sí gbogbo Lancashire títí di ọdún 1865, Ashton sì wà lára àwọn ìlú tí ó fara gbá a jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1863, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Stalybridge, ìlú tó múlé ti Ashton. Àwọn tí ń pín ìrànwọ́ dín owó kù, wọ́n sì fẹ́ máa fún àwọn tí kò níṣẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì dípò owó. Inú bí wọn, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ìjà náà sì ràn dé Ashton. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin kan tí ó jẹ́ kí àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ lè yá owó fi la ọ̀nà, fi ṣe gọ́tà àti omi, kí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lè rí nǹkan ṣe.

Ẹ fi èyí wé Jogbo. Níbi méjèèjì, ará ìlú fárígá. Ní Jogbo, lẹ́yìn tí wọ́n fárígá, ìlù ni wọ́n ń retí pé kí ó pa ọba búburú. Ní àgbègbè Ashton, òfin, owó yíyá àti iṣẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìlù lè pa Lágàta, ṣùgbọ́n ìlù kò lè la gọ́tà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a sọ Ashton di ọ̀run o. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ tiwọn, tí ọjà àtijọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Lancashire lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ibẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Cavendish Mill, ilé ńlá kan tí wọ́n kọ́ fún òwú rínran nínú Ashton, ti di ilé tí ènìyàn ń gbé. Ìlú tí ó gbára lé ohun kan ṣoṣo, ì báà gbìn ín, ì báà hun ún, ìnira á kàn án lọ́jọ́ kan.

Òwú Abẹ́òkúta

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó kan Yorùbá nínú òwú Lancashire. Ó kàn wá gan-an. Kí ogun Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ní nǹkan bíi ọdún 1850 sí 1860, Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ CMS àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, ti pawọ́ pọ̀ láti mú kí Abẹ́òkúta máa gbin òwú ránṣẹ́ sí Manchester. Èrò Venn ni pé bí àwọn ènìyàn bá rí owó nínú òwú, wọn ò ní ta ẹrú mọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú òwú. Àwọn ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Samuel kékeré àti Josiah, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ohun tí wọn kò fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń yọ kóró dé Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ tí ń hun aṣọ kò tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ àwọn Yorùbá ti ń hun aṣọ òfì tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìsẹ́yìn. A kò ṣe àìmọ̀ ọ́n hun. Wọ́n kàn ṣètò òwò náà lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé òwú ni yóò máa lọ, aṣọ ni yóò máa bọ̀.

Wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn. Ní ọdún 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ó ń rí sí gbígbin òwú ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, Manchester sì ni oríkò rẹ̀. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti Èkó nígbà náà. Ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ oko kan ní Ìbàdàn láti fi dán irú òwú wò, ibẹ̀ ni a mọ̀ sí Moor Plantation títí dòní. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ṣírò owó tí wọ́n máa rí lórí òwú, wọ́n ṣírò ti kòkó, wọ́n sì lọ gbin kòkó. Ẹni tó bá ń wí pé àwọn baba wa kò mọ ètò ọrọ̀ ajé, kó wá dáhùn èyí.

Ìtàn tí ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Nígbà tí aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún ọjà, wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n ra á, wọ́n fi rááfíà di í, wọ́n fi ẹ̀kọ kùn ún, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ó di àdìrẹ. Wọ́n tà á káàkiri, kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin yìí rí ibi tí ọwọ́ wọn lè wọ̀ nínú òwò tí wọn kò dá sílẹ̀. Ohun tí Jogbo kò ṣe sí gẹdú ni wọ́n ṣe sí aṣọ ẹlòmíràn.

Agogo Èèwọ̀ ńkọ́?

Ìṣọ̀lá àti Kèlání fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Jogbo kò parí. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé Agogo Èèwọ̀ jáde. Níbẹ̀, ọba tuntun, Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ṣe rere, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí wọ́n ti mọ adùn owó ẹ̀yìn yí i ká. Ó wá hàn pé gbẹ́rẹ́ ara ọba nìkan kò tó. Ìjòyè náà gbọ́dọ̀ búra, agogo èèwọ̀ sì gbọ́dọ̀ dún fún gbogbo wọn. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni èyí nínú èrò òǹkọ̀wé náà: láti orí ẹnì kan, ó bọ́ sórí gbogbo ìgbìmọ̀. Síbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ṣì ni kí ẹni burúkú ṣègbé. A kò rí ilé tí a ti ń la igi síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní: ọ̀gá, fíìmù ni, kì í ṣe ìwé ìṣúná. Òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kí òǹkọ̀wé eré máa to iye owó pákó. Ṣùgbọ́n fíìmù tí ó kọ́ni máa ń kọ́ wa ní ibi tó yẹ ká wò, ó sì máa ń kọ́ wa ní ibi tí a kò ní wò. Ṣaworoidẹ kọ́ gbogbo wa láti máa wo orí ọba. Èyí dára. Àmọ́ ẹni tó bá ń wo orí ọba nìkan, ọkọ̀ ẹrù á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Òfin tiwa náà fi èyí hàn. Láti ọdún 1976 ni Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó gẹdú lódidi lọ sókè òkun. Òfin náà béèrè ìbéèrè tí Jogbo kò béèrè. Síbẹ̀ igbó ń tán, igbó ọba bíi Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ń fúyẹ́, torí pé ẹni tí ó yẹ kó ṣọ́ òfin náà kò sín gbẹ́rẹ́. Òfin wà, ìmùlẹ̀ kò sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún fi òfin oṣù mẹ́fà de kíkó èso igi ẹmi, èyí tí a fi ń ṣe òrí, jáde ní tútù, kí wọ́n lè máa ṣe òrí náà nílé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìròyìn irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́, ẹ má sì kàn yínmú. Ẹ béèrè ìbéèrè méjèèjì: ta ló búra lé e lórí, ta ni yóò sì rí iṣẹ́ ṣe nínú rẹ̀? Ìyá tí ó ń ṣa èso ẹmi nínú igbó, ṣé owó rẹ̀ pọ̀ sí i ni, àbí ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún rí àyè dín in kù?

Ìgúnlẹ̀

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí sí yín ni pé ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè òkun sábà máa ń gbọ́ ìtàn méjì nípa ilé. Ìkíní ni pé olè ni gbogbo àwọn aṣáájú wa, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ìkejì ni pé òyìnbó ni ó bà á jẹ́, kò sí ẹ̀bi wa níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ ti àkọ́kọ́ ń wo orí Lápité, wọn kò wo ọ̀nà tí gẹdú ń gbà. Àwọn tó ń sọ ìkejì ń wo ọ̀nà náà, wọn kò wo orí Lápité. Ìtàn méjèèjì ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, torí kò sí èyí tí ó fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè tí à ń kọ́ ní kíláàsì, dàgbà àti sókè ni ó wà nínú rẹ̀. Igi ni ó kọ́kọ́ ń dàgbà sókè. Ṣùgbọ́n igi tí a gé tí a kó lọ ti parí ìdàgbà tirẹ̀, ibi tí a kó o lọ ni ìdàgbàsókè á ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó lè tọ́jọ́ nílé, ohun mẹ́ta ni yóò pé: ẹni tí ó búra, ẹni tí ó ń gbin òmíràn, àti ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fi ohun tí a gé ṣe nǹkan. Ṣaworoidẹ fún wa ní ẹni kìíní, ó sì fi ojú ẹni kejì hàn wá fìrí. Ẹni kẹta ni ó kù, kò sì yẹ kí a máa retí pé kí ìlù bá wa mú un wá.

Torí náà, bí ẹ bá tún wo Ṣaworoidẹ, ẹ gbádùn ìlù, ẹ gbádùn ẹnu Baba Ọ̀pálábá, ẹ kọ àwọn òwe náà sílẹ̀ torí wọ́n á wúlò fún yín nígbà ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé ibi tí igi ti ń wó, ẹ dá fíìmù náà dúró díẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé: níbo lẹ ń gbé eléyìí lọ? Ẹni tí ó bá ń gbé àgbègbè Manchester kò ní láti wá ìdáhùn lọ jìnnà.